Ìyá Suara Gé Koríko Ọba Lulẹ̀

Ẹ̀rù tó ba Fàúsát lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ gé koríko ọba lulẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ má sì rò pé igi ọ̀pẹ ni wọ́n gé o, tàbí igi tí wọ́n ń bọ. Koríko lásán ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá kan lẹ́yìn ilé wọn ní Dopemu. Fàúsát ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wá láti ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ló gbin ohun tó wà nínú rẹ̀. Koríko yìí ti dàgbà, ó ti kún, ewé rẹ̀ gùn ju apá ọkùnrin lọ, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Àlejò tó bá wọlé á yìn ín. Àfi bí Fàúsát ṣe ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó rí i pé wọ́n ti rẹ́ ẹ kanlẹ̀. Ó ku kùkùté nínú iyẹ̀pẹ̀, ewé rẹ̀ sì wà nílẹ̀ káàkiri bí irun orí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ìyá Suara, ìyá tó bí Fàúsát, jókòó sórí àpótí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, ara wọn balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kò ní òórùn mọ́.

Létí ẹlòmíràn, gbólóhùn kékeré nìyẹn. Létí Fàúsát, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ má baà pè é ní ojo. Ìyá Suara ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìyá Kàsúmù, tí wọ́n gbé Agege títí orí wọn fi funfun. Bí àìsàn wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọbẹ̀ jóná níwájú wọn, wọn ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn ọmọ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní ọṣẹ kò ta sánsán mọ́, wọ́n ní ata kò dùn. Lẹ́yìn náà ni wọn ò mọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n jáde nílé láìwọ bàtà, ojú irin ni wọ́n ti bá wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé irin lọ, wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àwọn, ìyá tó ti kú tipẹ́. Ọlọ́run ló ní kí rélùwéè má tíì kọjá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kó wọn lọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Fàúsát lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn láti inú, jẹ́jẹ́, bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn onílé. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi," ni wọ́n ń wí. Kò lè padà lọ mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún un nígbà náà pé lára àwọn àgbàlagbà mìíràn, imú ni àìsàn náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀, ó he ewé kan nílẹ̀, ó fún un lọ́wọ́, ó gbé e símú. Ó dá a lójú pé òun gbọ́ ọ, òórùn tó jọ ti ọsàn wẹ́wẹ́, tó ti mọ̀ láti kékeré nínú àgbàlá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Màámi," ó ní, "ó ń ta sánsán."

Ìyá wò ó, wọ́n mi orí. Wọ́n wá ń ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Wọ́n ní bí koríko ọba bá ṣì kéré, èèyàn kàn máa fara kàn án ni, òórùn rẹ̀ á bá a wọlé. Bó bá wá ń gbó, tí ewé ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ ń mú bí abẹ, òórùn ń lọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, títí á fi ku òórùn koríko gbígbẹ lásán. Wọ́n ní títutù tó tutù yẹn, ẹ̀tàn ni, ojú ló ń tàn. Ká gé e mọ́lẹ̀ kó lè yọ ọmọ tuntun, òun ni ìtọ́jú rẹ̀, àwọn ló jáfara tí àwọn ò tètè gé e.

Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ti bà kì í gbọ́ àlàyé, ohùn nìkan ló ń gbọ́. Ohun tí Fàúsát gbọ́ ni ohùn Ìyá Kàsúmù lọ́jọ́ tí wọ́n ní ọṣẹ kò ta.

Ó kó ẹ̀kúnwọ́ ewé kan, ó di ọ̀dọ̀ Damaris, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń gbé yàrá kejì, tí wọ́n jọ ń ṣe bí ọmọ ìyá. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó na ewé sí i, ó ní kó bá òun gbóòórùn rẹ̀, ṣé kò ta ni? Damaris gbé e símú, ó wo ewé, ó wo ojú Fàúsát. Ó wá ní, "Ó ń ta, Ìyá Ishaq. Ó ń ta dáadáa." Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní, àmọ́ ojú náà ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nígbà mìíràn. Fàúsát dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn, ó sunkún.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ omi tó fẹ́ hó. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ìyá Suara a máa se koríko ọba, wọn a bu fún ará ilé. Fàúsát ra ìdì kan bọ̀ láti Agege lọ́sẹ̀ náà, èyí tí ewé rẹ̀ gùn jù, tó sì fẹ̀ jù, kí ìyá rẹ̀ má baà rí ohun wí. Wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n ní omi gbígbóná lásán lọmọ àwọn gbé fún àwọn. Ó tún ra ẹja tútù. Wọ́n ní ẹja náà ti ń rùn. Ó ní kò rùn, ó sè é, ó jẹ ẹ́ níṣojú wọn kí wọ́n lè rí i pé kò sóhun tó ṣe é. Gbogbo òru ló fi ń sáré lọ sílé ìyàgbẹ́. Lówùúrọ̀, ó ní omi tí wọ́n ń mu níbi iṣẹ́ ló fà á.

Ibi iṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ni, ní Àgídìngbì. Tíńà ni Fàúsát ń rọ sínú agolo níbẹ̀, omi líle tí wọ́n fi ń la ọ̀dà tó bá ki jù. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ojú rẹ̀ a máa ṣomi, orí a máa fọ́ ọ. Àwọn tó bá níbẹ̀ ní kó fara balẹ̀, ó máa mọ́ ọn lára. Ó sì mọ́ ọn lára lóòótọ́. Ní báyìí, bí ẹni tuntun bá dé tó ń fi ìborùn bo imú, Fàúsát ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Á ní ní ti òun, ó dà bí ẹni pé omi lòun ń rọ. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń fọ́nnu.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù náà ò jẹ́ kó jẹun mọ́. Bó bá wà níbi iṣẹ́, ohun tó ń rí lójú inú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ tó gbé ọbẹ̀ kaná, tí iná kú, tí gáàsì ń tú jáde, tí ìyá ò gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n wá ṣáná. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ìdáná bó bá ń lọ síṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́, sínú báàgì. Láítà, sínú báàgì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì a máa gba láítà náà lọ́wọ́ rẹ̀ lówùúrọ̀, torí ẹnìkan kì í múná wọ ilé iṣẹ́ náà, á sì dá a padà fún un nírọ̀lẹ́. Oúnjẹ ìyá wà nínú kúlà, omi gbígbóná wà nínú fúláàsìkì. Ìyá Suara, tó ti ń dáná kí wọ́n tó bí Fàúsát, di ẹni tí wọ́n ń ti ìdí iná mọ́. Wọn ò bá a jà. Wọ́n kàn sọ fún un lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé, "Fàúsátù, ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló ń ṣe mí." Fàúsát ní òun ti pẹ́ fún iṣẹ́.

Ó pe Suara, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sọ fún un pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ti dé. Suara ní kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, yàrá tí Ìyá Kàsúmù lò ṣì wà níbẹ̀, òun á wá gbé Màmá lọ́jọ́ Àìkú. Yàrá kan náà. Ìyá Suara gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà láti pálọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde lọ sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n jókòó tì í. Kùkùté koríko ti yọ ọmọ, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Fàúsát rí i láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń fi ìka rún un, tí wọ́n ń gbé e símú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lówùúrọ̀ Sátidé, ó gbé omi kaná, ó lọ ń di ẹrù ìyá rẹ̀ sí báàgì. Ìró ìyá rẹ̀ kan ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú, èyí tí wọ́n fi ṣe ìsọmọlórúkọ Ishaq ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú rẹ̀, ó ń sunkún. Ariwo omi tó ń hó kọjá ẹnu ìkòkò ló ta á jí. Ó sáré lọ. Omi ti dà sórí iná, iná ti kú. Ó gbé ìkòkò, ó rọ omi sí fúláàsìkì, ó tilẹ̀kùn, ó kó kọ́kọ́rọ́ àti láítà sí báàgì, ó bọ́ síta. Iná ti kú, àbí? Kí ni èèyàn ń wò mọ́ níbi iná tó ti kú?

Wọn kì í gbé fóònù wọ ibi tí wọ́n ti ń rọ tíńà. Nígbà tí wọ́n jáde síta jẹun lọ́sàn-án, ó bá ìpè ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ó pè wọ́n padà. Wọ́n ní gáàsì ń rùn nílé ìdáná. Ó ní òun ti pa á. Wọ́n ní kò pa á, ó ti gba pálọ̀ kan, àwọn ti jáde síta, kó tètè máa bọ̀.

"Fàúsátù," wọ́n ní, "wá ṣílẹ̀kùn yìí fún mi."

Yéè! Ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ohùn náà gan-an. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Kàsúmù lára ilẹ̀kùn bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀. Kò tilẹ̀ ronú kan gáàsì mọ́. Ohun tó ń rò ni pé àìsàn náà ti dé, ó ti dé pátápátá, òun ò sì sí nílé. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó gba láítà rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó fò sínú kẹ̀kẹ́ Maruwa. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ké Yàsín tí kò lè kà dópin.

Ó dé ẹ̀yìn ilé, ó bá gíláàsì fífọ́ nílẹ̀. Ìyá Suara dúró lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, gèlè ti tú lórí wọn, ọmọ odó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń mí helehele. Wọ́n ti fọ́ fèrèsé. Ìyá rẹ̀ tí kì í fọ́ àwo! Ó dì wọ́n mú léjìká, ó ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, ó ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jókòó, òun á po tíì gbígbóná fún wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó má wọ ibẹ̀, wọ́n ní kó sún sẹ́yìn. Ó ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Màámi, mo ti gbọ́," kò sì gbọ́ ohun kan. Ó ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná, ó wọ inú rẹ̀.

Kò sóhun tó yí padà níbẹ̀. Ìkòkò wà níbi tó gbé e sí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìta. Ẹ wò ó, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, kò sí gáàsì kankan, ìyá mi ti lọ. Ó bomi sí ìkòkò, ó yọ láítà nínú báàgì, ó na ọwọ́ sídìí ìkòkò.

Ọwọ́ kan gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀.

"Má ṣáná."

"Màámi, ẹ fi mí—"

"Fàúsátù, bí o bá ṣáná yìí, àwa méjèèjì ò ní kú tán kí ilé tó wó lù wá. Má ṣáná."

Ibẹ̀ ni Damaris bá wọn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dá dúró bí ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn. Ó fi etí ìró rẹ̀ bo imú àti ẹnu, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ jáde! Kí lẹ dúró ń ṣe níbẹ̀?"

Fàúsát wo ìró tó wà nímú Damaris. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé ojú tiwọn náà pọ́n, pé wọn ò mí délẹ̀. Ó wá wo ìdáná. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i wà ní ṣíṣí, bó ṣe fi í sílẹ̀ lówùúrọ̀ nígbà tí omi pa iná. Ó fa èémí símú. Ó tún fà á, ó fà á títí àyà fi dùn ún. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá Suara na ọwọ́, wọ́n yí i pa, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa ti orí sílíńdà náà. Wọ́n wọ́ ọmọ wọn jáde.

Wọ́n bọ́ síta. Fàúsát jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì koríko, láàárín gíláàsì fífọ́. Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó tún un wí. Damaris bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí Ìyá Ishaq jọ̀ọ́ dárí ji òun, ewé ọjọ́sí kò ta rárá, ewé tó gbó ni, koríko lásán ló ń rùn, ojú rẹ̀ lòun wò, òun ò fẹ́ dá kún ẹkún rẹ̀. Fàúsát ń gbọ́ ọ bí ẹni pé láti òkèèrè ni. Ẹja ọjọ́sí ló ń rò. Ìdì koríko tó rà ní Agege ló ń rò. Gbogbo òórùn tó ti dá a lójú pé òun ń gbọ́ láti ìgbà yìí wá, iyè ló ń rántí wọn fún un. Bóyá tíńà ló ṣe é. Bóyá ẹ̀jẹ̀ Ìyá Kàsúmù ni. Ta ló mọ̀? Ẹ̀rù tó ti ń bà á fún ìyá rẹ̀ yíjú padà, ó dojú kọ òun fúnra rẹ̀.

Ìyá Suara já ọmọ ewé kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Wọ́n rún un láàárín ìka. Damaris, tó dúró lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri, ní òun gbọ́ ọ láti ibi tóun wà. Wọ́n gbé e sábẹ́ imú ọmọ wọn.

"Kí lo gbọ́?"

Ó mi orí. Ó wojú ìyá rẹ̀, ó sì rí i níbẹ̀, ojú kan náà tí òun ti fi ń wò wọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n gé koríko yìí, ojú ẹni tó ń ronú ojú irin.

Fóònù dún nínú báàgì rẹ̀. Suara ni. Ìyá Suara gbé e, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n ní kó ṣì máa bọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló ń bọ̀ wá gbé, wọ́n jọ máa mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ni. Wọ́n pa fóònù. Wọ́n wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ níwájú Fàúsát.

Ó kó o lé wọn lọ́wọ́, láítà àti kọ́kọ́rọ́.

"Màámi," ó ní, "ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Wọ́n já ewé mìíràn, wọ́n rún un, wọ́n tún gbé e sí i nímú.

"Fà á dáadáa," wọ́n ní. "Tún un fà."